Fíltà Mọ́tò Pupa Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín kí n tó mú bírò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi. Ẹ̀yìnkùlé yín ní Ìlobù ni mo wà, lábẹ́ páànù tẹ́ ẹ ta mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri tẹ́ ẹ ń pè ní gáréèjì. Orí àpótí tẹ́ ẹ máa ń jókòó lé tẹ́ ẹ bá ń fọ sípánà ni mo gbé ìwé lé. Ọwọ́ mi ò tíì mọ́, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ìdọ̀tí ọ́ìlì létí ìwé yìí, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà ò kúkú fi ọwọ́ mímọ́ kọ̀wé rí. Ìwé èsì ìdánwò mi tẹ́ ẹ buwọ́ lù nígbà tí mo wà ní JS tú ṣì wà lọ́wọ́ mi, àtàǹpàkò yín hàn níbẹ̀ ketekete, ó dúdú bí kóró iṣin.

Ó ti lé lọ́dún kan tẹ́ ẹ ti fi wá sílẹ̀. Gbogbo ọmọ yín ló ti sọ nǹkan kan lórí sàréè yín, èmi nìkan ni mo dákẹ́. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan, Bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo pa irọ́ kan fún yín kẹ́ ẹ tó lọ, mi ò sì lè dúró síbẹ̀ kí n máa sọ ọ̀rọ̀ dídùn nígbà tí irọ́ yẹn ṣì wà lẹ́nu mi. Òun ni mo wá sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín níròyìn ilé. Màmá wà, ara wọn le díẹ̀díẹ̀, àmọ́ wọn ò wa mọ́tò mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Wọn ò tilẹ̀ fẹ́ jókòó níwájú mọ́tò ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ kí àwọn ènìyàn wọn ní Ìfọ́n, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n máa ń wọ̀, wọn á sì di ojú wọn títí wọ́n á fi kọjá ibi tí mọ́tò ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Màmá tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ní mọ́tò, tí wọ́n máa ń fi hóònù bú àwọn ọlọ́kadà! Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju ọ̀kan lọ. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àwọn tẹ nǹkan kan sódì lọ́jọ́ náà, pé ká ní ẹlòmíràn ló wà nídìí sítíárì, ẹ̀ bá ṣì wà láyé.

Bọ̀dá, àkọ́bí yín, ò gba ti Màmá. Lójú tiwọn, mọ́tò ló pa yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi okùn wọ́ ọ wálé, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kó lọ. Mi ò dá Bọ̀dá lẹ́bi. Wọ́n wà lára àwọn tó wẹ̀ yín. Wọ́n sọ fún mi pé apá ọ̀tún yín bó yánnayànna láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, pé bóyá níbi tí wọ́n ti ń gbé yín láti inú mọ́tò kan bọ́ sínú òmíràn ni irin ti ha yín. Mo gbọ́ ọ nígbà náà, mi ò sì rò ó síbì kan.

Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé mọ́tò yìí wálé? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni. Gbogbo àdúgbò ń retí pé ẹ ó ra mọ́tò ẹlẹ́rù tí ẹ ó máa fi kó iṣu bọ̀ láti oko, bí àwọn tíṣà yòókù ti ṣe. Ẹ̀yin wá lọ sí Ìbàdàn, ẹ gbé mọ́tò sípọ́ọ̀tì pupa bọ̀, onílẹ̀kùn méjì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn wọ́lẹ̀. Èèyàn ní láti tẹ̀ ba kó tó wọlé, bí ẹni tó fẹ́ kó ẹyin nínú ilé adìẹ. Màmá ní àwọn ò ní wọ nǹkan tí orúnkún ti ń kan àgbọ̀n, nígbà tó sì yá, àwọn gan-an ló wá ń wà á jù. Lémọ́ọ̀mù bi yín bóyá irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ yẹ onírùngbọ̀n funfun. Ẹ fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn pé irùngbọ̀n kọ́ ló ń wa mọ́tò. Tí mo bá rántí èyí, màá rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn mí dé egungun.

Àmọ́ àwọn tó ṣe mọ́tò yẹn ò ro ti ẹni tó máa tún un ṣe. Ibi tí wọ́n fi fíltà epo rẹ̀ pamọ́ sí, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún. Ẹ̀yìn táǹkì ni, níbi tí irin méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn. Ojú ò lè rí i. Apá tó bá fẹ́ débẹ̀ ní láti gba abẹ́ wọlé, kó tẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ páìpù, kó tún yí sókè kí ìka tó kàn án. Àwọn mẹkáníìkì Ìlobù gbìyànjú, ti Ìfọ́n gbìyànjú. Wọ́n ní àfi kí àwọn sọ táǹkì kalẹ̀ pátápátá, ẹ̀yin sì kọ̀ jálẹ̀, ẹ ní ẹnikẹ́ni ò ní tú mọ́tò yín bí ẹni tú ẹrù. Ọjọ́ kan ni mo ń gbé omi kọjá, ẹ wo apá mi tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di apá yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ bí a ṣe máa ń ṣe é, kì í ṣe torí pé ẹ ti gbàgbé, bí kò ṣe torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi rọ́bà fa bẹntiróòlù kúrò nínú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò, kó má baà dà sí mi lójú. Ẹ ó tutọ́, ẹ ó fomi yọ ẹnu, ẹ ó wá fi orógbó kan lé e. Èmi á wọ yúnífọ́ọ̀mù mi àtijọ́ lé aṣọ, màá tẹ́ páálí sílẹ̀, màá sì yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin á jókòó sórí àpótí yìí, ẹ ó máa júwe fún mi. Ẹ ti so òwú dúdú mọ́ orí fíltà tuntun, ní ìhà tó gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì, kí ìka mi lè mọ ohun tí ojú mi ò rí. Tí mo bá ti de kílíìpù méjèèjì tán, tí mo jáde, ẹ̀yin á dìde lọ fọwọ́. Ẹ kì í da epo padà, láéláé. Èmi ni màá gbé àrọ, èmi ni màá da bẹntiróòlù padà sínú táǹkì, ẹ ó sì máa wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ní ẹni tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló yẹ kó parí iṣẹ́, kó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun ṣe é. Gééjì epo mọ́tò náà ti kú kẹ́ ẹ tó rà á, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ fi ń wọn epo inú táǹkì. Igi yẹn ṣì wà níbí. Òun ni mo fi ń tẹ ìwé yìí mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e.

Ẹ wá pè mí lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ní mọ́tò ti ń wúkọ́, pé tó bá ti dé orí òkè, á fẹ́ dákẹ́. Ẹ ní ẹ ti ra fíltà tuntun, kí n wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní ó dáa sà. Òṣogbo ni mo ń gbé, kò sí nǹkan kan nínú ìrìn náà. Lóòótọ́, wàhálà ààlà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni, àmọ́ ìjọba ti ká kónílé-ó-gbélé kúrò, ọkọ̀ ti ń lọ, ọkọ̀ ti ń bọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo tẹ̀ yín láago, mo ní wọ́n tún ti dá kónílé-ó-gbélé padà, pé àwọn awakọ̀ ní ẹnikẹ́ni ò lè kọjá.

Irọ́ ni, Bàbá. Irọ́ òmùgọ̀ gbáà sì ni, torí ẹ̀yin lẹ wà ní Ìlobù. Iwájú ilé yín ni títì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí bàráńdà láti àárọ̀, ẹ̀ ń wo mọ́tò tó ń kọjá, èmi wá ń sọ fún yín láti Òṣogbo pé mọ́tò ò lè kọjá. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ ní, "Ó dáa, ìyá mi. Má jáde o. Tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, wàá wá." Mo ní mo gbọ́ sà. Ẹ ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín, mo pa fóònù.

Kí ni mo fi Sátidé náà ṣe? Mo sùn. Mo dín iṣu jẹ. Mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Kò sí nǹkan gidi kan tí mo lè tọ́ka sí, ohun tó sì ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn. Ó ti rẹ̀ mí ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tí mo wá ṣe fíltà gbẹ̀yìn, òórùn bẹntiróòlù tẹ̀ lé mi dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, tíṣà kan sì bi mí lójú gbogbo wọn bóyá mo ti ń ta epo. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí. Mo sọ nínú ara mi pé mi ò ní wọ abẹ́ mọ́tò mọ́, pé obìnrin tó ti tó bàyìí kì í ṣe apá ẹnikẹ́ni. Mi ò nígboyà láti sọ ọ́ fún yín lójú. Mo wá gba ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, tó ku ọ̀la kí n wá, àyà dì yín mú láàárọ̀. Ẹ ò lè sọ̀rọ̀. Ìfọ́n ni dókítà tó mọ̀ nípa àyà yín wà, Màmá bá gbé yín sínú mọ́tò pupa, wọ́n kó sídìí sítíárì. Wọ́n ní ó ṣáná lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì sáré dáadáa. Wọ́n ní bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ ń na ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ ń na ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ ò sinmi. Màmá rò pé ilé lẹ̀ ń tọ́ka sí, pé ẹ fẹ́ kí àwọn dá yín padà kẹ́ ẹ kú sórí ibùsùn yín. Wọ́n ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fara dà á. Ibi tí ilé ti jóná láàárín ìlú méjèèjì, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ dúró níbẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni mọ́tò ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì dákẹ́.

Màmá yí kọ́kọ́rọ́ títí ó fi kọ̀. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí gbogbo mọ́tò. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ìlobù ń sáré kọjá, àwọn tó ń bọ̀ láti Ìfọ́n ń sáré kọjá, torí ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ irú ẹni tó ń na ọwọ́ sí òun níbẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ ará Ìfọ́n kan tó fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù kó iṣu ló dúró níkẹyìn. Ó da iṣu rẹ̀ sínú koríko, ó gbé yín. Kò bi Màmá léèrè ará ìlú wo ni wọ́n. Nígbà tẹ́ ẹ dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní ká ní ẹ tètè dé díẹ̀ sí i ni. Díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ẹ wá rí ohun tí mo ń gbé kiri. Mo gbà pé fíltà tó dí ló pa mọ́tò náà, fíltà tí ó yẹ kí n pààrọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí mo ń dín iṣu. Ọdún kan ni Màmá fi ń sunkún pé àwọn tẹ nǹkan kan sódì. Èmi tí mo rò pé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ń pọn omi fún wọn, mo ń fọ aṣọ wọn, mo ń sọ pé kádàrá ni. Kádàrá! Mi ò lè sọ pé èmi ni.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá gé mọ́tò lọ́jọ́ Ajé, mi ò lè sùn. Tí wọ́n bá gé e, mi ò ní mọ̀ láéláé. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi yọ fíltà náà kí n rí i bó ṣe dí tó. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Bóyá mo kàn fẹ́ di ẹ̀bi mi mú lọ́wọ́ ni.

Mo dé láàárọ̀ òní. Màmá wà nínú ilé, mo ní mo fẹ́ gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, mo tẹ́ páálí, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo ti sanra díẹ̀, ẹ̀ bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti apá wọlé, mo tẹ̀ ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ páìpù, irin bẹ̀rẹ̀ sí í ha mí láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Bí irin ṣe ń ha mí ni mo rántí ohun tí Bọ̀dá rí nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ yín. Mo dá ọwọ́ dúró. Mo yí ọwọ́ sókè, ìka mi kan fíltà, ó kan òwú.

Kì í ṣe òwú tèmi. Ìgbà tí mo ṣe é kẹ́yìn, mo gé etí òwú náà nílẹ̀nílẹ̀. Èyí gùn, kókó rẹ̀ sì tóbi, bí ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ ṣe ń takókó. Mo tú kílíìpù, mo fà á jáde. Fíltà náà mọ́ tónítóní, ó ń dán. Tuntun ni. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Bàbá. Ẹ̀yin bàbá arúgbó, ẹ sùn sórí páálí, ẹ fi apá tó ti nípọn yẹn wọ ibi tí kò gbà á, awọ yín ń bó, kò sì sẹ́ni tó jókòó sórí àpótí láti júwe fún yín. Báwo lẹ ṣe dìde nílẹ̀? Ta ló fà yín sókè?

Mo sunkún níbẹ̀, kí n má purọ́ mọ́, ayọ̀ sì wà nínú ẹkún náà. Fíltà kọ́ ló pa mọ́tò. Fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ọrùn mi fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣàkíyèsí pé omijé nìkan ló wà lójú mi. Mo ti tú fíltà, mi ò fa epo kúrò ní táǹkì, ó yẹ kí bẹntiróòlù ti dà lé mi lórí. Ẹ̀kán kan ò kán. Mo fi ìka kan táǹkì lábẹ́, ó dún wọ́ọ́ bí agolo òfìfo. Mo jáde, mo wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, mo kì í bọ táǹkì. Ó jáde ní gbígbẹ.

Mo dúró, mò ń wo gbogbo ibẹ̀ yíká. Lẹ́yìn àwọn táyà, yúnífọ́ọ̀mù mi àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n ká a dáadáa, wọ́n fi bo nǹkan. Mo ṣí i. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò ni, ó kún dé ọrùn, àrọ sì dojú dé orí ìdérí rẹ̀.

Mo jókòó sórí àpótí yín, Bàbá. Ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fa epo jáde. Ẹ pààrọ̀ fíltà. Èyí tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ táǹkì lẹ fi ṣáná wò ó, ó sì dáhùn. Ẹ wá gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ lọ fọwọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà. Epo ìsàlẹ̀ táǹkì yẹn ló gbé yín dé ààrin Ìlobù àti Ìfọ́n.

Ibẹ̀ ni Màmá bá mi. Wọ́n rí jáàkì, wọ́n rí ọwọ́ mi, wọ́n wá rí kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n ní, "Háà, epo tí bàbá ẹ ní kí n bá ẹ tọ́jú nìyẹn. Mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá." Mo ní kí ni wọ́n wí. Wọ́n ní, "Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tá a ń wí yẹn. Wọ́n ní kí n má bù ú sí jẹnẹrétọ̀ o, wọ́n ní tìẹ ni, tó o bá dé ní Sátidé. Mo rò pé mọ́tò tìẹ ni wọ́n ní kó o lọ rọ ọ́ sí."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Kónílé-ó-gbélé tí kò sí, iṣu tí mo dín, fíltà, epo. Mo ní, "Màmá, ẹ ò tẹ nǹkan kan sódì. Epo ni kò sí níbẹ̀. Èmi ló yẹ kó dà á padà."

Wọ́n ń wo kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n wá na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ara ṣe àpèjúwe, wọ́n ní, "Ọwọ́ tí wọ́n ń nà sẹ́yìn yẹn..." Wọn ò parí rẹ̀. Ó ti yé àwọn náà pé epo tó wà nílé lẹ ń tọ́ka sí. Wọ́n wò mí, ojú tí wọn ò fi wò mí rí láti kékeré. Wọ́n ní, "Ọdún kan gbáko. Ò ń wò mí, o ò sọ nǹkan kan." Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo dá fíltà padà sí ipò rẹ̀. Mo de kílíìpù méjèèjì, ọ̀kan, èkejì, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Nígbà tí mo jáde lábẹ́ rẹ̀, Màmá ti dúró tì mí, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn wú. Wọ́n ní, "Dà á." Mo gbé àrọ. Díẹ̀ dà sílẹ̀, òórùn rẹ̀ ti yí padà, àmọ́ mo dà á títí kẹ́ẹ̀gì fi ṣófo. Mo yọ bátìrì mọ́tò mi, mo so ó mọ́ tiyín. Màmá tẹ̀ ba, wọ́n jókòó sídìí sítíárì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀. Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó wúkọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dáhùn, ó sì ń dún geere, bó ṣe máa ń dún tẹ́ ẹ bá ti dé láti ìrun Jímọ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, Bàbá. Kò fìgbà kankan sí nǹkan kan tó ṣe é. Màmá gbé orí lé sítíárì, wọ́n sunkún, wọn ò sì pa mọ́tò náà.

Wọ́n ti wọlé lọ kírun báyìí. Wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn, mi ò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa bá mi sọ ọ́. Mo ti tẹ Bọ̀dá láago pé kí wọ́n wá lọ́la, pé mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ kí àwọn tó ń ra irin tó dé. Ẹ̀rù wọn ń bà mí gidi. Tí mo bá sọ ọ́ tán, tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí mi mọ́, màá gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò tún ní pa irọ́ mọ́, ìyẹn ni mo lè ṣèlérí.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí mo ní mọ́tò ò lè kọjá, mélòó ló kọjá lójú yín kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn? Ẹ mọ̀, àbí? Ẹ mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lọ ṣe èyí tó le, tẹ́ ẹ fi èyí tó rọrùn pamọ́ dè mí, tẹ́ ẹ sì ká yúnífọ́ọ̀mù mi lé e lórí, kí n lè wá dà á kí n sì sọ pé èmi ni mo ṣe é.

Mo ti dà á padà, Bàbá. Ẹ dárí jì mí pé mo pẹ́.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Àlùjánnà sílẹ̀ fún yín, kó má jẹ́ kẹ́ ẹ tún sùn sórí páálí mọ́.

Èmi ni tiyín, ọmọ tẹ́ ẹ ń pè ní ìyá mi,
apá yín.